Ọwọ́ Tí Ń Ṣiṣẹ́, Ọkàn Tí Ń Gbàdúrà: Ìtàn Ayé Fra Angelico, Ayàwòrán

(Àsọyé tí a sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ ní Àpéjọ Gbogbogbò wa)

 

Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ fi iṣẹ́ yìí rán wa, wọ́n ní kí a bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ ìsìn. Bóyá ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí pé a ó mú ìtàn oníwàásù ńlá kan wá, tàbí ti ajíhìnrere kan tí ó la igbó já. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí ó wù wá láti mú ọkùnrin kan wá síwájú yín tí ó jẹ́ pé ọ̀dà, bùrọ́ọ̀ṣì àti ògiri ni ó fi wàásù. Láti ọdún 1455 ni ó ti kú, síbẹ̀ ìwàásù rẹ̀ kò tíì parí. Orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n ni Fra Angelico. Ìdí tí a fi mú un wá yóò hàn sí yín kí a tó jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí a kò tíì rí ààyè sọ.

ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1395, ní agbègbè Mugello ní ìhà àríwá ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, lẹ́bàá ìletò kan tí à ń pè ní Vicchio, ni a bí ọmọkùnrin kan tí a sọ orúkọ rẹ̀ ní Guido. Pietro ni orúkọ bàbá rẹ̀, nítorí náà Guido di Pietro ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe Guido ọmọ Pietro, gẹ́gẹ́ bí Ìwé Mímọ́ ti ń dárúkọ Símónì ọmọ Jónà. Ayé ìgbà náà kì í ṣe ayé ìrọ̀rùn. Kò ju nǹkan bí 50 ọdún lọ tí àjàkálẹ̀-àrùn ńlá ọdún 1348 ti gba Florence kọjá, tí ó sì pa ènìyàn lọ bí ewé. Ṣùgbọ́n ìlú náà tún dìde. Òwò irun àgùntàn àti òwò báńkì mú owó wọlé, àwọn ọlọ́rọ̀ ń kọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì ń wá àwọn oníṣẹ́ ọnà tí yóò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ní ìlú náà, iṣẹ́ ayàwòrán kì í ṣe eré ọmọdé. Iṣẹ́ tí à ń kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti ti ahunṣọ ti rí láàárín wa. Ọmọ yóò lọ gbé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, yóò máa lọ ọ̀dà, yóò máa fọ bùrọ́ọ̀ṣì, kí a tó jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan ojú àwòrán. Ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn ayàwòrán Florence àti àwọn oníṣègùn wà, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta egbòogi ni a ti ń ra ohun tí a fi ń ṣe ọ̀dà. Ọ̀nà yìí ni Guido tọ̀. Ní ọdún 1417 orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán. Ní ọdún 1418 a san owó fún un fún iṣẹ́ tí ó ṣe nínú ilé ìsìn Santo Stefano.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 1423, ìwé kò pe é ní Guido mọ́. Fra Giovanni ni ó ń jẹ́, èyíinì ni Arákùnrin Jòhánù. Ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn arákùnrin tí Dominic dá sílẹ̀, ní ilé wọn tí ó wà ní Fiesole, lórí òkè tí ó kọjú sí Florence. Àwọn tí ó wọ ilé náà jẹ́jẹ̀ẹ́ mẹ́ta: pé àwọn kì yóò ní ohun ìní ti ara wọn, pé àwọn kì yóò gbéyàwó, àti pé àwọn yóò gbọ́ràn sí àwọn tí ó wà lórí wọn lẹ́nu. Benedetto arákùnrin rẹ̀ nípa ti ara bá a wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kíkọ ìwé orin fún ìsìn, nítorí kò tíì sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà náà.

A bẹ̀ yín, ẹ fiyèsí ohun kan níhìn-ín. Orúkọ tí ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ gan-an ni Ẹgbẹ́ Àwọn Oníwàásù. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bá rò pé ẹni tí ó bá fẹ́ sin Ọlọ́run gbọ́dọ̀ fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lè sìn ín, ibẹ̀ ni ì bá ti ju bùrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nù. Kò jù ú nù. Ó gbé e wọ ilé Ọlọ́run pẹ̀lú ara rẹ̀. Àwọn àgbà ilé náà pẹ̀lú kò sọ fún un pé, “Gbé èyíinì sílẹ̀, wá kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀.” Wọ́n rí i pé ohun tí Ọlọ́run fi sí ọwọ́ rẹ̀ ni ìwàásù rẹ̀.

BÍ A TI Ń ṢE IṢẸ́ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkínní ni ti ara pákó. A óò rẹ́ pákó náà dán, a óò fi ẹfun àti àtè kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan, a óò lẹ wúrà tí a lù títí ó fi fẹ́lẹ́ ju ewé lọ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni a óò po ọ̀dà pẹ̀lú pupa ẹyin adìẹ, tí a ó sì máa fi í kùn ún díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ aró tí ó dára jùlọ, èyí tí a fi ń kun aṣọ Màríà, láti ara òkúta iyebíye kan ni ó ti ń wá, tí a ń wà ní orí òkè ilẹ̀ Afganístánì, tí a sì ń gbé la aṣálẹ̀ àti òkun kọjá kí ó tó dé Ítálì. Owó rẹ̀ ga púpọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti ara ògiri. Bíríkìlà yóò kọ́kọ́ rẹ́ ògiri náà pẹ̀lú ẹfun òkúta tí a sun nínú iná, tí a pò mọ́ iyanrìn àti omi. Nígbà tí ó ṣì tutù ni ayàwòrán gbọ́dọ̀ kun ọ̀dà sí i, kí ọ̀dà náà lè wọ inú ògiri, kí wọ́n sì gbẹ papọ̀. Bí ó bá ti gbẹ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ohun tí a bá ṣì ṣe, àfi kí a ha á kúrò kí a tún ògiri rẹ́. Nítorí náà kìkì ìwọ̀n tí ayàwòrán lè parí ní ọjọ́ kan ni a ń rẹ́ fún un. Ẹni tí ó bá yọ ojú dáadáa lára irú ògiri bẹ́ẹ̀ lónìí ṣì lè rí ibi tí iṣẹ́ ọjọ́ kan parí sí àti ibi tí ti ọjọ́ kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará, kí ni ìgbésí ayé wa bí kò ṣe ògiri tútù? Ìwọ̀n ti òní nìkan ni Olúwa ń rẹ́ fún wa.

Vasari, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn ayàwòrán Ítálì, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1550, sọ pé Fra Giovanni kì í mú bùrọ́ọ̀ṣì láìkọ́kọ́ gbàdúrà, àti pé nígbà tí ó bá ń ya Kristi lórí àgbélébùú, omi a máa dà ní ojú rẹ̀. Nǹkan bí 95 ọdún lẹ́yìn ikú ayàwòrán náà ni Vasari kọ ọ́, ohun tí àwọn arákùnrin ilé náà sì ń ròyìn láti ẹnu dé ẹnu wà lára ohun tí ó kọ. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn àwòrán náà kò ní ṣòro fún láti gbà á gbọ́.

ÀDÉHÙN KAN TÍ Ó YẸ KÍ A KỌ́ SÓRÍ

Ní ọdún 1433, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò aṣọ ọ̀gbọ̀ ní Florence fẹ́ kí ó ya àwòrán ńlá kan fún ilé ẹgbẹ́ wọn. Lorenzo Ghiberti, ẹni tí ó ṣe àwọn ìlẹ̀kùn idẹ olókìkí ní ìlú náà, ni ó ṣètò bí àyíká àwòrán náà yóò ti rí. Wọ́n kọ ìwé àdéhùn. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti wí pé kí ó lo wúrà, àwọ̀ aró àti fàdákà tí ó dára jùlọ, nínú àti lóde, àti pé 190 owó wúrà ni àwọn yóò san, tàbí kí ó dín bí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ bá ti wí fún un pé ó yẹ kí ó dín tó.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn oníṣòwò ni ó kọ ọ́, àwọn tí í máa wọn aṣọ ní apá kọ̀ọ̀kan, tí wọn kì í fi kọ́bọ̀ ṣòfò. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n owó lé ẹ̀rí-ọkàn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ta ni a lè bá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lónìí nínú ìjọ wa? Káfíńtà wo, bíríkìlà wo, akápò wo? Kì í ṣe ẹnu ni wọ́n fi mọ̀ pé ọkùnrin yìí jẹ́ ènìyàn Ọlọ́run. Ní ojú iṣẹ́ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. A kò sì gbọdọ̀ ṣàìsọ pé owó náà kì í ṣe tirẹ̀. Ilé àwọn arákùnrin ni owó iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ́ rẹ̀.

OHUN TÍ Ó ṢE NÍ IBI ÌKỌ̀KỌ̀

Ní ọdún 1436, Póòpù Eugenius Kẹrin fi ilé San Marco tí ó wà láàárín ìlú Florence lé àwọn arákùnrin Fiesole lọ́wọ́. Ilé náà ti bàjẹ́. Cosimo de' Medici, oníbáńkì tí ó lówó jùlọ ní ìlú náà, ni ó gbé ìnáwó rẹ̀ rù, Michelozzo sì ni ọ̀gá àwọn ọ̀mọ̀lé. Fra Giovanni pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni a ní kí ó ṣe àwọn àwòrán. Ní Ọjọ́ Ìfihàn, ọdún 1443, ni a ya ilé ìsìn náà sí mímọ́, Póòpù fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Fún pẹpẹ ilé ìsìn, níbi tí gbogbo ìlú yóò ti máa wò ó, ó ya àwòrán kan tí wúrà àti àwọ̀ olówó iyebíye kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ibi tí àwọn arákùnrin ń sùn wà, yàrá kéékèèké tí ó ju 40 lọ, ẹnì kan sí yàrá kan, fèrèsé kékeré kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ìlú kì í dé ibẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo yàrá wọ̀nyí ni ó ya àwòrán kan sí ara ògiri. Kò sí wúrà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní ọ̀kan, ańgẹ́lì ń kí Màríà nínú yàrá tí kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan, tí ó jọ yàrá arákùnrin tí ń wò ó. Ní òmíràn, wọ́n fi aṣọ di Olúwa wa lójú, a sì rí ọwọ́ tí ń gbá a létí àti ẹnu tí ń tutọ́ sí i lára, ṣùgbọ́n a kò rí ara àwọn tí ó ni ọwọ́ wọ̀nyí, bí ẹni pé ó ń bi ẹni tí ń wò ó pé, “Ṣé kì í ṣe ọwọ́ tìrẹ nìyí?” Ní ìsàlẹ̀, Màríà jókòó, ó ń ronú, Dominic sì jókòó, ó ṣí ìwé sórí ẹsẹ̀, ó ń kà á.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, títí tí yóò fi kú, tí ẹlòmíràn yóò sì gba yàrá náà. Ayàwòrán tí ń wá ìyìn kò ní lo agbára rẹ̀ sí irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ka ẹ̀kọ́ Olúwa nínú Mátíù orí 6, nípa Baba tí ń ríran ní ìkọ̀kọ̀, ó sì gbà á ní òtítọ́.

ÌPÈ SÍ RÓÒMÙ ÀTI OYÈ TÍ KÒ GBÀ

Ní nǹkan bí ọdún 1445 Póòpù Eugenius pè é sí Róòmù. Póòpù náà kú ní ọdún 1447, Nicholas Karùn-ún sì gorí oyè, òun náà kò jẹ́ kí ó lọ. Fún un ni ó ya ilé àdúrà kékeré kan tí ó wà ní ààfin Vatican títí di òní. Ìtàn méjì ni ó yà síbẹ̀, ti Stéfánù àti ti Lawrence. Ẹ̀yin díákónì ìjọ wa, ẹ tẹ́tí: díákónì ni àwọn méjèèjì. Ti Stéfánù wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 àti 7. Lawrence ní tirẹ̀ ni ó ń tọ́jú ohun ìní ìjọ ní Róòmù nígbà inúnibíni. Nígbà tí ìjọba béèrè ìṣúra ìjọ, àwọn tálákà ni ó kó wá síwájú wọn. Nínú ààfin tí ó lọ́rọ̀ jùlọ nínú ayé ìsìn, ayàwòrán yìí ya afọ́jú, arọ àti opó tí wọ́n na ọwọ́ sí díákónì, ó sì fi í sí ibi tí ojú Póòpù yóò ti máa rí i lójoojúmọ́.

Vasari ròyìn pé Póòpù fẹ́ fi í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Florence, ṣùgbọ́n ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a wá ẹlòmíràn, nítorí òun kò mọ bí a ti ń ṣàkóso ènìyàn, ó sì dárúkọ Antonino, tí ó ti jẹ́ olórí ilé San Marco. Nicholas ni Vasari pe Póòpù náà, ṣùgbọ́n ní ayé Eugenius, ní ọdún 1446, ni Antonino di Bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Ohun tí ó dájú ni pé Antonino dé ipò náà, ó sì di alákòóso rere tí àwọn tálákà fẹ́ràn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀lẹ ni Fra Giovanni tàbí pé ó ń sá fún ẹrù. Nígbà tí àwọn arákùnrin rẹ̀ ní Fiesole fẹ́ kí ó jẹ́ olórí ilé wọn, ó padà sílé, ó sì ṣe olórí wọn láti ọdún 1450 dé 1452. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹrù tí Ọlọ́run gbé lé ni lórí àti adé tí ènìyàn ń wá kiri.

IṢẸ́ TÍ ẸNÌ KAN BẸ̀RẸ̀, TÍ ẸLÒMÍRÀN PARÍ

Ohun méjì mìíràn wà nínú ìtàn rẹ̀ tí a fẹ́ kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èkínní: Lorenzo Monaco, ẹlẹ́sìn tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, bẹ̀rẹ̀ àwòrán pẹpẹ kan fún ilé ìsìn Santa Trinita ní Florence, ikú sì dá a dúró. Fra Giovanni ni a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó ya bí wọ́n ti ń sọ òkú Olúwa kalẹ̀ láti orí àgbélébùú, àwọn kan lórí àkàbà, àwọn obìnrin pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú, ọkùnrin kan sì mú ìṣó àti adé ẹ̀gún lọ́wọ́, ó ń fi wọ́n hàn àwọn tí ó dúró tì í. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó dára jùlọ ni. Kò ha ohun tí Lorenzo ti yà sí òkè rẹ̀ kúrò. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Èkejì: ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1447, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ Benozzo Gozzoli lọ sí ìlú Orvieto láti ya àjà ilé àdúrà kan nínú ilé ìsìn ńlá ibẹ̀. Wọ́n ṣe díẹ̀, wọ́n lọ, Fra Giovanni kò sì padà débẹ̀ mọ́. Ó ju 50 ọdún lọ tí iṣẹ́ náà fi wà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1499 ni Luca Signorelli gbà á, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1504.

Ẹni tí ó bá iṣẹ́ ẹlòmíràn parí, ẹlòmíràn bá tirẹ̀ náà parí. Pọ́ọ̀lù ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nínú Kọ́ríńtì kìn-ín-ní orí 3, nípa ẹni tí ó gbìn àti ẹni tí ó bomi rin. Ẹ̀yin pásítọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí ẹ̀ka tuntun, ẹ má ṣe ha iṣẹ́ ẹni tí ó ṣáájú yín kúrò lára ògiri nítorí kí orúkọ yín lè dá wà. Ẹ̀yin tí a sì ń gbé kúrò níbi tí iṣẹ́ yín kò tíì parí, ẹ má ṣe sunkún jù. Ọlọ́run ní Signorelli tirẹ̀.

IKÚ RẸ̀

Ó padà sí Róòmù, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1455. A sin ín sí ilé ìsìn Santa Maria sopra Minerva, a sì gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sára òkúta tí ó bo ibojì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ síbẹ̀ ní èdè Látìn ń bẹ ẹni tí ó bá kà á pé kí ó má yin òkú náà nítorí ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé gbogbo èrè rẹ̀ ni ó fi fún àwọn tálákà Kristi. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Angelico, èyí tí í ṣe ẹni tí ó dàbí ańgẹ́lì. Ní ọdún 1982, Póòpù John Paul Kejì fi orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn alábùkún nínú ìjọ Àgùdà.

A sì tún gbọ́ ìròyìn kan tí ó yani lẹ́nu. Àwòrán ńlá tí ó yà sí pẹpẹ San Marco ti fọ́nká sí oríṣiríṣi ilẹ̀. Ní ọdún 2006 ni a mọ̀ pé pákó kéékèèké méjì lára rẹ̀ wà ní ilé kan ní ìlú Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá kan. Nǹkan bí 200 pọ́n-ùn ni a ti rà wọ́n ní nǹkan bí 40 ọdún ṣáájú. Ní ọdún 2007 a tà wọ́n ní 1,700,000 pọ́n-ùn. Iṣẹ́ rere lè pẹ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó ṣí ìlẹ̀kùn náà.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN TÍ Ọ̀RỌ̀ ÀWÒRÁN Ń KỌ LÓMINÚ

A mọ̀ pé ẹnì kan lè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Pásítọ̀, ṣé òfin kejì kò sí mọ́ ni?” Ó wà. Ìjọ wa kì í tẹríba fún àwòrán, kì í sì í gbàdúrà sí òkú ènìyàn mímọ́, a kò sì wá síbí láti yí ẹ̀kọ́ àwọn bàbá wa padà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan náà tí ó fún Mósè ní òfin náà ni ó pàṣẹ nínú Ẹ́kísódù orí 25 pé kí a fi wúrà ṣe àwọn kérúbù sí orí ìtẹ́ àánú. Nígbà tí a bá dé orí 31, a óò rí Bésálẹ́lì. Ẹ lọ kà á nígbà tí ẹ bá délé. Ẹni tí Ọlọ́run dárúkọ, tí ó sì sọ pé òun fi Ẹ̀mí òun kún inú rẹ̀, kì í ṣe wòlíì, kì í ṣe àlùfáà. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, tí ń ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta àti igi.

OHUN TÍ Ó Ń JẸ WÁ LỌ́KÀN

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó mú wa wá.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka wa ní òkè Ọya, níbi tí a ti ṣe pásítọ̀ fún ọdún mélòó kan, bàbá àgbàlagbà kan wà tí ó jẹ́ káfíńtà. Òun ni ó kan gbogbo bẹ́ǹṣì ilé ìsìn náà, òun ni ó kan àga ìwàásù. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bàbá yìí a máa yí bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan wò, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá mì, yóò kàn án. Kò mọ̀wé, kò sì lè dúró sọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ. Nígbà tí a ń yan díákónì, ẹnì kan dárúkọ rẹ̀. Àwa fúnra wa ni a sọ pé, “Bàbá kò lè ka Bíbélì síta, ẹ jẹ́ kí a wá ẹlòmíràn.” Bàbá wà níbẹ̀, ó sì gbọ́ ọ. Ó wí pé, “Ó dára bẹ́ẹ̀, Pásítọ̀ wa.” Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ó tún wá wo ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí ó kú, a fẹ́ kọ ìtàn ayé rẹ̀ fún ìsìn ìsìnkú. A ṣí ìwé ìjọ láti ojú ewé èkínní dé ìkẹyìn. Ibi kan ṣoṣo ni a ti rí orúkọ rẹ̀, nínú ìwé àwọn tí ó jẹ gbèsè owó ìkórè. A tún wo ìwé ìnáwó, a sì rí i pé ìjọ kò tíì san owó pákó àga ìwàásù náà fún un tán. Gbèsè tí ìjọ jẹ ẹ́ ju èyí tí òun jẹ ìjọ lọ. Àwa tí à ń dúró lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wàásù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kò mọ̀.

Ní ìgbà tí a gbé àga ìwàásù náà ṣí kúrò láti tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe, a dà á dé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ó kọjú sí ilẹ̀, tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè rí, ni bàbá yìí fá dán gẹ́gẹ́ bí ó ti fá òkè rẹ̀. Ojú tì wá. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí a bá ka ìtàn àwọn yàrá kéékèèké San Marco, bàbá káfíńtà ni à ń rí.

A san gbèsè náà fún àwọn ọmọ rẹ̀, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òkú kò lè gbọ́ ẹ kú iṣẹ́. Nítorí èyí ni a ṣe ń bẹ Àpéjọ yìí fún ohun mẹ́ta.

Èkínní, kí gbogbo ẹ̀ka wa ní ìwé kan tí a ó máa kọ iṣẹ́ ọwọ́ sí: ẹni tí ó kan bẹ́ǹṣì, ẹni tí ó mọ ògiri, ìyá tí ó rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tí ń gbálẹ̀. Bí àwọn oníṣòwò aṣọ ọ̀gbọ̀ bá lè kọ orúkọ ayàwòrán sínú ìwé ní ọdún 1433, tí a sì ń kà á lónìí, kí ni ó ń dí wa lọ́wọ́?

Èkejì, kí a jáwọ́ nínú wíwí pé “ti Ọlọ́run ni” nígbà tí ó bá kan owó òṣìṣẹ́. Bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ rẹ̀ ta Olúwa lọ́rẹ, kí Olúwa gbà á. Ṣùgbọ́n bí a bá bá a dá iye, kí a san án ní ọjọ́ tí a dá. Jákọ́bù orí 5 sọ ibi tí igbe owó alágbàṣe tí a há mọ́ ọwọ́ ń dé. Kí oníṣẹ́ ọwọ́ náà sì jẹ́ ẹni tí a lè gbé òṣùwọ̀n lé ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó má ṣe fi pákó jíjẹrà kan ilé Ọlọ́run nítorí pé ọ̀dà yóò bò ó.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá ń yan olóyè ìjọ, kí a má ṣe wo ẹnu nìkan. Kí a wo ọwọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí kò lè ka Bíbélì síta lè jẹ́ ẹni tí ń ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ wà láàárín wa lónìí, ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin akunlé, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se oúnjẹ Àpéjọ yìí, tí ẹ kò tilẹ̀ rí ààyè wọlé gbọ́ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ, a dárúkọ yín níwájú Ọlọ́run àti níwájú ìjọ. Bí àwa bá gbàgbé yín, Ẹni tí ó mọ orúkọ Bésálẹ́lì kò gbàgbé. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ẹ gbàdúrà kí ẹ tó gbé irinṣẹ́, kí ẹ sì parí ìwọ̀n ti òní kí ògiri tó gbẹ.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó mú gbogbo yín padà sí ẹ̀ka yín ní àlàáfíà, kí ó sì dárí jì àwa tí a ti fojú fo àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Àmín.